Itan ìyá kì í ṣe àga mọ́tò: bí a ṣe ń gbé ọmọ tó nílò ìtọ́jú pàtàkì rìnrìn-àjò

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò tíì lè gbé orí rẹ̀ dúró pẹ́. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní cerebral palsy ló ń bá a fínra: ọpọlọ rẹ̀ farapa nígbà tí mo ń rọbí i, iṣan ara rẹ̀ kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu bó ṣe yẹ. Kàbà la ń gbé. Lọ́kọjà ni wọ́n ti ń bá a na ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù la sì máa ń lọ. Fún ọdún méjì gbáko, orí itan mi ni mo ń gbé e sí lọ, orí itan mi ni mo ń gbé e sí bọ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ pé kò sí ibi tó dára ju itan ìyá lọ.

Lọ́jọ́ kan, lójú ọ̀nà oníkọnkéré tó wà láàárín Ọ̀bájánà àti Kàbà, màlúù kan já sójú títì. Awakọ̀ wa tẹ bíréèkì. Mọ́tò wa kò gbá nǹkan kan, màlúù kọjá, ṣùgbọ́n ọmọ mi yọ lọ́wọ́ mi bí ọṣẹ ṣe ń yọ lọ́wọ́ ẹni tó ń wẹ̀. Orí rẹ̀ lọ gbá ẹ̀yìn àga iwájú, ó sì wú. Mo dúpẹ́ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìfẹ́ tí mo ní sí i kò lè ṣe iṣẹ́ bẹ́líìtì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọmọ kan wọn kílò 10, ìyá rẹ̀ gbé e sórí itan, mọ́tò ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ó wá gbá nǹkan, ó dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ìwúwo tí ọwọ́ ìyá náà máa ní láti dì mú lásìkò yẹn á súnmọ́ kílò 140. Kílò 50 ni àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹni tó ń gbé lágbègbè Ọ̀bájánà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì, kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta jẹ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ 50 kọ́ ni àwọn awakọ̀ wa ń sá lójú ọ̀nà kìlómítà 43 yẹn, nítorí ó tẹ́, ó dán, tírélà sì pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti Ìyàgbà, Ìjùmú, Mọ́pà, Búnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Lọ́kọjà, Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìlọrin. Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí ni mo fẹ́ sọ, látorí ohun tí àwọn elétò ìlera kọ́ mi àti ohun tí ojú mi ti rí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun

Àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ mọ́tò. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò le nílò àga tó fara lélẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, kí orí rẹ̀ má baà ṣubú síwájú. Bí àgbọ̀n bá ti lẹ̀ mọ́ àyà, ọ̀nà ọ̀fun ti há nìyẹn, ọmọ tí kò lágbára kò sì ní lè gbé orí fúnra rẹ̀ kó tó mí. Eegun ọrùn ọmọ tó ní Down syndrome (ipò àbínibí tó ń mú kí ọmọ pẹ́ kó tó gbọ́n, kó tó rìn) lè má dìpọ̀ dáadáa, nítorí náà ó dára kí ojú rẹ̀ máa kọ ẹ̀yìn mọ́tò fún ìgbà pípẹ́ ju ti ọmọ mìíràn lọ. Bákan náà ni ti ọmọ tí omi inú ọpọlọ mú kí orí rẹ̀ tóbi. Ọmọ tí wọ́n lu ihò sí lọ́fun kó lè máa mí kò gbọ́dọ̀ jókòó sínú àga tó ní pátákó tàbí tìmùtìmù níwájú àyà, torí ó lè gbá ihò náà. Ọmọ tí wọ́n fi POP (ohun funfun líle tí wọ́n fi ń di eegun) dì láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ kò lè wọ àga lásán rárá. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù bí ẹ ṣe máa gbé e délé.

Ẹ ní kí wọ́n wọn ọmọ fún yín, kílò rẹ̀ àti gíga rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Òun lẹ máa fi ra àga, kì í ṣe ọjọ́ orí. Kílò 15 péré ni tèmi wọn lọ́mọ ọdún mẹ́fà.

Ìgbésẹ̀ kejì: àga tí ẹ máa rà

Tòkunbọ̀ lọ́pọ̀ wa lè rà, kò sì burú bí a bá mọ ohun tí à ń wò. Ẹ yí àga náà dojú dé. Ẹ máa rí lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí lábẹ́ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 6 sí 10 láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni ọ̀pọ̀ àga wọ̀nyí lè fi ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ike rẹ̀ á máa gbẹ, kò sì ní lè gba ìkọlù mọ́. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ti ṣí kúrò, tí ike bá sán, tí okùn bá ti fẹ́ já, tàbí tí ìkọ́ rẹ̀ bá ń ṣí fúnra rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Àga tó ti wà nínú mọ́tò tó ní jàǹbá kò ṣeé lò mọ́, àní bí ojú kò bá tiẹ̀ rí ibi tó bàjẹ́.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Èyí tí ojú ọmọ ń kọ sẹ́yìn ló dára jù fún ọmọ kékeré, ó kéré tán títí yóò fi pé ọdún méjì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí kílò tí wọ́n kọ sára àga náà yóò fi pé. Èyí tó kọjú síwájú tó ní okùn márùn-ún tẹ̀ lé e: méjì ní èjìká, méjì ní ìbàdí, ọ̀kan láàárín itan. Ọmọ tí kò lè dá jókòó dúró ṣinṣin gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú èyí, torí okùn márùn-ún náà ló ń ṣe iṣẹ́ tí iṣan rẹ̀ kò lè ṣe. Ìkẹta ni àga ìgbéga, tó kàn ń gbé ọmọ sókè kí bẹ́líìtì mọ́tò lè bọ́ síbi tó yẹ títí tí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 145. Ẹ má kánjú bọ́ síbẹ̀ nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ so àga mọ́ mọ́tò

Ẹ̀yìn mọ́tò ni ibi ọmọ. Ẹ má ṣe gbé àga tó kọjú sẹ́yìn síwájú níbi tí ẹ́ábáàgì (àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lójijì bí mọ́tò bá gbá nǹkan) wà láéláé. Bó bá tú, orí ọmọ ló máa gbá.

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò wa, bẹ́líìtì ẹ̀yìn wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ sábẹ́ ìjókòó, tàbí aṣọ tí wọ́n fi bo àga ti bò ó. Ẹ ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ̀yìn àga àti ìdí àga ti pàdé, ẹ máa bá ìkọ́ rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú èèpo ẹ̀pà àti owó ẹyọ. Ẹ fà á jáde, ẹ nù ún. Lẹ́yìn náà ẹ fa bẹ́líìtì lójijì: ó gbọ́dọ̀ há. Èyí tí kò bá há kò ní há lọ́jọ́ jàǹbá.

Bí ẹ bá ti ki bẹ́líìtì bọ ihò tí wọ́n ṣe fún un lára àga, ẹ fi orúnkún tẹ àga náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo yín, kí ẹ máa fa bẹ́líìtì títí kò fi ní yẹ̀ mọ́. Ẹ wá di àga mú níbi tí bẹ́líìtì ti gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì. Bó bá rìn ju ínǹṣì kan lọ, ẹ tún un ṣe. Òógùn ń bọ́ lójú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é. Nísinsìnyí, kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ so ọmọ mọ́ àga

Ibí ni kí ẹ fara balẹ̀ jù, torí níbí ni mo ti rí àṣìṣe púpọ̀, tèmi náà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kan irin ìkọ́ bẹ́líìtì. Nínú oòrùn oṣù kẹta, irin yẹn lè bó ọmọ lára, ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ kò sì ní lè sọ fún yín pé ohun tó ń jó òun nìyẹn. Ẹ ó kàn máa gbọ́ igbe.

Ẹ jẹ́ kí ìdí ọmọ wọlé pátápátá, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga. Bí ara rẹ̀ bá le gbagidi, ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹ ká orúnkún rẹ̀ méjèèjì díẹ̀ sókè, ìbàdí á rọ̀, á sì jókòó. Ẹ fa okùn sí èjìká. Bí ojú rẹ̀ bá kọ sẹ́yìn, ibi tí okùn ti jáde gbọ́dọ̀ bá èjìká dọ́gba tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Bó bá kọjú síwájú, kó bá èjìká dọ́gba tàbí kó ga jù ú lọ díẹ̀. Bí àga náà bá ní ìkọ́ àyà, ẹ jẹ́ kó bá abíyá dọ́gba. Ẹ wá gbìyànjú láti já okùn èjìká ní èékánná, bí ẹni ń ja ewé. Bí ìka yín bá rí okùn dìmú, ó ṣì dẹ̀. Bí ìka yín bá kàn yọ̀ lórí rẹ̀, ó ti tó.

Nígbà ọyẹ́, ẹ bọ́ súwẹ́tà tó nípọn kúrò kí ẹ tó de okùn. Súwẹ́tà ń tan ni jẹ: okùn á dà bí ẹni pé ó le, ṣùgbọ́n òwú ló dì mú, kì í ṣe ọmọ. Ẹ de okùn tán, kí ẹ wá fi aṣọ bò ó lórí okùn.

Ti orí tó ń yẹ̀ ńkọ́? Ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì kékeré méjì bí ẹni ká ẹní, ẹ fi ọ̀kan sí ọ̀tún orí, ọ̀kan sí òsì, kí wọ́n dé èjìká. Bí ìdí rẹ̀ bá ń yọ̀ síwájú, ẹ ká aṣọ kékeré sáàárín itan rẹ̀ àti okùn àárín. Ẹ̀gbẹ́ àti àárín itan nìkan ni aṣọ ń lọ. Ẹ má fi fóòmù tàbí ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀ tàbí sábẹ́ ìdí rẹ̀, torí lọ́jọ́ tí mọ́tò bá gbá nǹkan, fóòmù á fún pọ̀, okùn á dẹ̀, ọmọ á yọ. Ẹ má sì fi gèlè tàbí ìborùn so orí rẹ̀ mọ́ àga. Mo mọ ìyá kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ gidi, kí orí ọmọ rẹ̀ má baà máa mì. Bí orí bá dúró tí ara sì fò síwájú, ọrùn ló máa gbà á.

Ọ̀já náà kò yẹ mọ́tò. Ọmọ tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn wà láàárín yín àti àga, ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́. Bákan náà, ẹ má fi bẹ́líìtì kan yí ẹ̀yin àti ọmọ tó wà lórí itan yín ká.

Bí kò bá sí àga rárá lónìí, tí ìrìn náà kò sì ṣeé sún síwájú, ẹ fi ọmọ tó lè jókòó sí ẹ̀yìn, láyè tirẹ̀, kí ẹ de bẹ́líìtì mọ́tò fún un: ti ìsàlẹ̀ kó wà lórí eegun ìbàdí, kì í ṣe lórí ikùn, ti òkè kó gba àárín àyà àti èjìká, kì í ṣe ọrùn. Kí àgbàlagbà kan jókòó tì í. Ọ̀kadà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá fún ọmọ tí kò lè di nǹkan mú.

Àga oníkẹ̀kẹ́ àti ẹrù

Bí ọmọ bá ń lo àga oníkẹ̀kẹ́, ẹ gbé e kúrò nínú rẹ̀ sórí àga mọ́tò. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ìrìn-àjò nìkan ló ṣeé jókòó sí nínú mọ́tò, ẹ sì máa rí WC19 tàbí ISO 7176-19 tí wọ́n kọ sí i lára. Èyí náà, kó kọjú síwájú, kí wọ́n fi okùn mẹ́rin so ó mọ́ ilẹ̀ mọ́tò, kí ọmọ sì tún ní bẹ́líìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa, búùtù ni kí ẹ kó wọn sí. Ẹ̀rọ tí ó ń fa itọ́ tàbí sílíńdà ọ́síjìn kò gbọ́dọ̀ wà lórí ìjókòó láìso. Ilẹ̀ ni kó wà, kí ẹ sì so ó. Jálá epo, iṣu, ọmọ odó, gbogbo ohun tí à ń kó ti oko bọ̀, ń fò bí òkò lọ́jọ́ jàǹbá.

Ọmọ tó ń tú bẹ́líìtì

Ọmọ tó ní autism (ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń gba ariwo, ọ̀rọ̀ àti ìyípadà lọ́nà tó yàtọ̀) lè lágbára ju èmi àti ẹ̀yin lọ, kó sì mọ ìkọ́ yẹn tú ju dẹ́rẹ́bà lọ. Nínú ilé ni kí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi í sínú mọ́tò tó dúró, ẹ de e, ẹ fún un ní ohun tó fẹ́ràn, ẹ tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tan íńjìnnì. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ dé ìkóríta padà. Ẹ fi fọ́tò hàn án nínú fóònù: ilé, mọ́tò, dókítà, ilé. Ariwo họ́ọ̀nù àti òórùn epo lè máa dà á láàmú ju bí a ti rò lọ. Ohun ìbotí àti atẹ́gùn díẹ̀ lè tán ìjà tí a rò pé agídí ni.

Bó bá tú bẹ́líìtì, ẹ má jà, ẹ má pariwo. Ẹ dúró síbi tó dára, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan náà nígbà gbogbo: "Bẹ́líìtì, ká tó lọ." Ẹ ti lọ́ọ̀kì ọmọdé tó wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ẹ má sì fi í jókòó sẹ́yìn dẹ́rẹ́bà gan-an, torí ó lè fa á nírun tàbí kó gbá a lórí. Ẹ má fi àgádágodo tàbí okùn tó ta kókó dè é. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ nínú jàǹbá kò ní lè tú u.

Nínú gáréèjì

Ọ̀pọ̀ wa kò ní mọ́tò tiwa. Mo máa ń tètè dé, nígbà tí mọ́tò ṣì ṣófo, tí dẹ́rẹ́bà sì ṣì lójú àánú. Mo máa ń wo bẹ́líìtì ẹ̀yìn kí n tó san kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń kí dẹ́rẹ́bà bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ wa:

"Òkun o, ọ̀gá dẹ́rẹ́bà."

"Òkun, màmá. Ẹ wọlé, ẹ gbé e lé itan, ẹ̀yìn á gba èèyàn mẹ́rin."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ọmọ yìí kò lè dá orí gbé, àga rẹ̀ rèé. Owó èèyàn méjì ni mo fẹ́ san. Ẹ jẹ́ kí n so ó kí àwọn yòókù tó wọlé."

Owó èèyàn méjì dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi owó síwájú ọ̀rọ̀, kì í sí àríyànjiyàn. Bí dẹ́rẹ́bà bá kọ̀ nítorí pé ọmọ náà ń da itọ́ tàbí ó ń pariwo, ẹ mọ̀ pé òfin wà. Òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ èrò pẹ̀lú. Mo ti rán àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ létí rẹ̀ rí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀gá wọn sì wá mọ́tò mìíràn fún wa.

Lójú ọ̀nà

Oògùn ọmọ kò gbọ́dọ̀ wà ní búùtù. Àpò ọwọ́ yín ni, pẹ̀lú omi àti aṣọ ìyípadà. Ẹ fún un ní oògùn ní àkókò rẹ̀ gan-an, bí ìrìn tiẹ̀ ṣe pẹ́. Ọmọ tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa kò gbọ́dọ̀ jẹun nígbà tí mọ́tò ń sá. Ẹ dúró ní Ọ̀bájánà, tàbí ní Ìsánlú bó bá jẹ́ ọ̀nà Ìlọrin lẹ ń lọ, ẹ gbé e jáde, ẹ na ara rẹ̀, kó jẹ, kó mu. Ìrìn kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ láìdúró.

Bí gìrì bá mú un, ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà kó rọra yà kúrò lójú títì. Ẹ wo aago lójú ẹsẹ̀. Ẹ tú ohun tó há lọ́rùn rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ mú kó má baà gbá nǹkan, ẹ dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè máa ṣàn jáde. Bó bá ń mí dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ nínú bẹ́líìtì rẹ̀. Ẹ má fi ṣíbí, ìka, àlùbọ́sà, àgbo tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu, bó ti wù kí àwọn èrò pariwo tó. Bó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí òmíràn tún mú un kó tó lajú, ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù ni kí ẹ gbà lọ. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ti ìpè pàjáwìrì gbogbogbòò sì ni 112.

Mo kọ káàdì kan, mo fi náílọ̀nù wé e, mo so ó mọ́ àga ọmọ mi: orúkọ rẹ̀, àìsàn rẹ̀, oògùn rẹ̀, nọ́ńbà bàbá rẹ̀, àti gbólóhùn kan: "Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ yín." Bí mo bá dákú, káàdì yẹn ló máa bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé

Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú mọ́tò láti lọ gba káàdì ilé ìwòsàn, àní fún ìṣẹ́jú márùn-ún, àní bí wíńdò bá ṣí. Ara ọmọdé máa ń yára gbóná ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ju ti àgbà lọ, ọmọ tiwa yìí kò sì lè ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn tó kọ ẹ̀yìn sí títì. Bó bá jẹ́ ọmọ tó máa ń sá lọ ni, ẹ kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ tó tú bẹ́líìtì.